A Kò Pe Ẹnikẹ́ni

Kí n tó ní àfẹ́sọ́nà rí láyé mi ni mo ti di opó. Bí wọ́n ṣe ń lo ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa nìyẹn. Ìwọ á rò pé wàá jókòó sídìí tábìlì, wàá máa kọ ìtàn tí gbogbo ayé á máa kà. Wọ́n á ní kí o fi kálámù sílẹ̀ ná, kí o wá sunkún níwájú kámẹ́rà. Ìwé ìròyìn olóṣooṣù ni tiwa, kò sì sí ohun tí a kì í kọ sínú rẹ̀: ìlera, ilé kíkọ́, ọmọ títọ́, bọ́ọ̀lù, bí a ṣe ń lé ẹ̀fọn kúrò nínú yàrá. Ìtàn kọ̀ọ̀kan ló nílò àwòrán. Olóòtú wa, obìnrin kan tó jẹ́ ahun paraku, kí Ọlọ́run má bi mí, ní òun kò ní sanwó fún ẹnikẹ́ni kó wá dúró kí wọ́n yà á nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà nílẹ̀ tí wọ́n ní ojú, tí wọ́n ní imú.

Báyìí ni mo ṣe di opó nínú ìtàn kan lórí ogún pínpín. Oṣù tó tẹ̀ lé e, eyín ń dùn mí. Lẹ́yìn náà mo di ajigbèsè, mo tún di ìyá tí ọmọ rẹ̀ lọ sókè òkun tí kò pè é mọ́, bẹ́ẹ̀ èmi alára kò tíì bí ológbò. Ayàwòrán wa, bàbá kan tó máa ń kọrin bí ó bá ń ya fọ́tò, ló sọ mí ní Ojú. Ó ní ojú mi kì í ṣòfò, pé ohun tí a bá ní kó ṣe ló máa ń ṣe. "Ojú, ó yá, wá ṣàìsàn fún mi." Èmi náà á dìde, màá lọ ṣàìsàn. Inú máa ń bí mi, àmọ́ ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo ṣáà fẹ́ kọ̀wé.

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí fún bàbá mi. Kì í ṣe pé mo fi pa mọ́ fún un. Mi ò rí ohun tó wà níbẹ̀ tí ènìyàn máa sọ ni. Káfíńtà ni bàbá mi, ní ìlú kékeré kan tó jìnnà sí wa, ìrìn àjò àárọ̀ dọ̀sán. Ìyá mi kú nígbà tí mi ò tíì lè sọ orúkọ ara mi já gaara, nítorí náà inú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni mo dàgbà sí, láàárín eruku pákó àti ariwo ayùn. Bàbá mi kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ilé ìwé dé, kò ní bi mí pé báwo ni, á kàn gbójú sókè kúrò lára pákó, á ní, "Ta ló nà ọ́?" tàbí "Kí lo jí jẹ?" Kì í sì í ṣì í.

Ìbùsùn kan wà tó ti ń kàn láti ìgbà tí mo wà nílé ìwé girama. Ọjọ́ tí mo bá máa relé ọkọ ló ń kàn án dè. Á kàn án tán, á tún tú u, á ní orí rẹ̀ kò tíì tẹ́ òun lọ́rùn. Àwọn ará àdúgbò máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Káfíńtà, ọmọ rẹ á ti bímọ tán kí ìbùsùn yìí tó parí." Á ní kí wọ́n má kán òun lójú, pé ọmọ kan ṣoṣo lòun ní. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pè é lórí fóònù, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń bi mí: "Ṣé wọ́n ti tẹ ohun tí o kọ jáde?" Màá ní ó kù díẹ̀. Á ní kò burú, pé pákó tí kò bá tíì gbẹ, a kì í fi kan àga.

Àwa méjì la jọ wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, èmi àti ọmọkùnrin kan tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Kóòtù. Kóòtù kan ṣoṣo ló ní, aláwọ̀ búlúù. Òjò ni o, oòrùn ni o, kì í bọ́ ọ. Tábìlì kan la jọ ń lò, dúrọ́ọ̀ kan ló sì wà lára rẹ̀. Ó fún mi ní apá iwájú, òun mú ẹ̀yìn. Bí ó bá fẹ́ ṣàwàdà, òun fúnra rẹ̀ á ti rẹ́rìn-ín tán kó tó sọ ọ́ dé ìdí, ẹ̀rín tirẹ̀ ni àwa tó kù á wá máa rín. Ohun tí mo bá kọ, á kà á sókè fún mi kí n lè gbọ́ ibi tí kò ti dán. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí ó bá pẹ́ dé láàárọ̀, mi ò ní lè kọ gbólóhùn kan tó nítumọ̀. Mi ò sọ fún un. Wọ́n ṣáà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ojú, mo rò pé ojú mi á bá mi sọ ọ́.

Olóòtú wá ní òun fẹ́ ìtàn lórí bí tọkọtaya ṣe lè ṣègbéyàwó láìjẹ gbèsè. Kóòtù ló kọ ìtàn náà. Èmi ni wọ́n ní kí n wá àkọlé tó máa wà níwájú ìwé. Mo ń kọ ọ́, Olóòtú ń fagi lé e, títí mo fi kọ èyí tó gbà: "A kò pe ẹnikẹ́ni, ìdùnnú wa sì kún." Gbólóhùn mi àkọ́kọ́ tí wọ́n máa tẹ̀ jáde nìyẹn. Mo wọ balùwẹ̀ ọ́fíìsì lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo jó.

Ta ni yóò ṣe ìyàwó? Ojú náà ni. Ta ni yóò ṣe ọkọ? Ta ló tún ní kóòtù? Yàrá tí wọ́n ń kó àwọn ìwé tí kò tà sí la ti yà á. Wọ́n ti àwọn ìdìpọ̀ ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ògiri funfun lè hàn. Gáùn àbúrò Olóòtú ni wọ́n yá fún mi. Ó tóbi jù mí lọ, ni ayàwòrán bá kó pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ, ó fi há a mọ́ mi lẹ́yìn láti ọrùn dé ìdí. Níwájú, ìyàwó ni mí. Lẹ́yìn, okùn aṣọ. Ayàwòrán ń kọrin, ó ń tẹ kámẹ́rà, kò sì rí ohun tó ń wá.

"Ojú, o le jù. Ìyàwó lo jẹ́ o, kì í ṣe ẹni tó wá jẹ́rìí nílé ẹjọ́."

Kóòtù tẹ orí sí mi létí. Ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. "Má mí o. Bí o bá mí pẹ́nrẹ́n, pẹ́ẹ̀gì kan á fò, á bá Olóòtú lójú."

Mo gbójú sókè wò ó. Bí mo ṣe ń wò ó, mo gbàgbé kámẹ́rà, mo gbàgbé pẹ́ẹ̀gì, mo gbàgbé pé eré la wá ṣe. Ayàwòrán tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orin tó ń kọ sì dúró. Ó ní, "Ó tán. Mo ti rí i."

Lábẹ́ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, a máa ń fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ pé kì í ṣe àwọn tó wà nínú àwòrán ni ìtàn náà dá lé lórí. Lóṣù yẹn, ìpolówó ọṣẹ ìfọyín kan dé ní ìkánjú, wọ́n sì yọ ìlà náà kúrò kí ọṣẹ lè ráyè. Kò sẹ́ni tó bìkítà. Èmi náà kò bìkítà. Ojú èmi àti Kóòtù ló wà níwájú ìwé, gbólóhùn mi sì wà lókè orí wa. Kí ni mo tún fẹ́?

Ìwé náà kò tíì pẹ́ níta tí Kóòtù fi mú ọmọbìnrin kan wá sí ọ́fíìsì. Ó rẹwà, ó sì tún níwà, ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní ó burú ni, ǹ bá rí nǹkan dì mú. Ó na ìwé ìròyìn náà sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti lo ọkọ mi tó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà." Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín; ojú mi ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Kóòtù wá ṣàlàyé pé òun ti ríṣẹ́ sílé iṣẹ́ rédíò nílùú àwọn ọmọbìnrin náà, àti pé kí ọdún tó parí, àwọn á ṣègbéyàwó. Ó ní, "Ìwọ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún. Ìwọ ṣáà lọ̀rẹ́ mi jù níbí."

Ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú dúrọ́ọ̀, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ. Mi ò fi nǹkan kan sí apá ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ mi wá dà bíi ti ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ tí kò lè ké olè, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ní nǹkan náà rí. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń jẹun, mo ń dáhùn bí wọ́n bá pè mí.

Àsìkò yẹn gan-an ni bàbá mi kò gbé fóònù mi mọ́. Àǹtí mi, àbúrò rẹ̀ tó ń bá a gbé, ló gbé e lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní, "Ó ti sùn." Oòrùn kò tíì wọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní, "Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù." Bàbá mi kì í fọwọ́ kan irinṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú.

"Àǹtí, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kí ni ì bá wà? Ṣé àwa náà wà lára àwọn tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ lọ̀ ni?" Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Ẹnu àǹtí mi ti mú láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, nítorí náà mo ní bóyá ẹlòmíràn ló ń bí i nínú tó fi ń kanra mọ́ mi. Ẹ̀dùn tèmi sì ti tó mi gbé. Mi ò lágbára àtitú tẹlòmíràn wò.

Lọ́jọ́ tí lọ́rì dé, a wà ní ìpàdé. Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn wa lọ́wọ́, ó ń wo àdírẹ́sì ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wo tara ògiri. Ó bi wá pé, "Ìyàwó dà?" Gbogbo wọn yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ni? Ẹ wá gba ẹrù yín."

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ní títú: ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn pákó àárín, àti orí rẹ̀ tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń sùn ní kékeré wé. Mo tú bùláńkẹ́ẹ̀tì náà. Orí ìbùsùn náà ń dán. Bàbá mi, ẹni tí ìbùsùn kan kò tán lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan, ti jókòó tì í, ó ti parí rẹ̀.

Awakọ̀ náà ní, "Bàbá rán mi níṣẹ́ ẹnu, wọ́n sì ní n ò gbọ́dọ̀ gbàgbé ìkankan." Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ ka àkọ́sórí. "Wọ́n ní àwọn rí yín nínú ìwé, pé ẹ yẹ ara yín. Wọ́n ní àwọn kò bínú. Pé bí ẹ kò bá pe àwọn, bóyá nǹkan kan wà tí àwọn ṣe, tàbí tí àwọn kò ṣe. Pé ó lè jẹ́ pé ilé tí ẹ ń lọ kì í ṣe ilé tí káfíńtà lè jókòó sí, pé kí ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Wọ́n ní àdúrà làwọn fi kan gbogbo ìṣó tó wà níbẹ̀." Ó ronú díẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n. Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn kí ọkọ yín."

Mo jókòó sílẹ̀ lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì náà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Mo gbọ́ ohùn Olóòtú lókè orí mi, ó ní ìbùsùn dáadáa ni, kí wọ́n gbé e sí yàrá àwòrán, pé ìtàn lórí àwọn tí kì í róorun sùn wà lóṣù tó ń bọ̀. Ó ku díẹ̀ kí n bú obìnrin náà. Ẹkún ni kò jẹ́.

Irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kó gbogbo ìwé ìròyìn tí fọ́tò mi wà nínú wọn sí báàgì, mo wọkọ̀. Gbogbo ojú ọ̀nà ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí kò ju ẹyọ kan lọ: kí bàbá mi má lọ rò títí ayé pé mo tijú òun.

Àǹtí mi ni mo kọ́kọ́ bá, ó jókòó sí iwájú ilé.

"Ìyàwó ọ̀ṣìngín! Ẹ rántí wa lónìí? Ọkọ ńkọ́, àbí ẹ kò pe òun náà ni?"

"Àǹtí, ẹ ṣe sùúrù, irọ́ ni."

"Ìwé lò ń pè nírọ́? Ṣé o mọ ibi tó ti rí i? Lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Wọ́n ń gẹ̀ ẹ́ lórí lọ́wọ́ ló rí ojú rẹ lórí tábìlì. Ó pariwo! Ó ní, 'Ẹ wò ó, ọmọ mi rèé! Ẹ kà á fún mi, òun ló kọ ọ́!' Onígbàjámọ̀ bá kà á síta. A kò pe ẹnikẹ́ni, ìdùnnú wa sì kún. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́. Ilẹ̀ kò kúkú lanu kó gbé e mì. Ààbọ̀ orí ló gbé wálé, ìyókù ò tíì gẹ̀."

Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Bàbá mi wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ìfági fá pákó. Ó gbójú sókè, ó sì wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan tẹ̀ lé mi. Lára ògiri, lókè ibi tó ń kọ́ ayùn sí, ó ti fi pákó tó dára ṣe férémù sí iwájú ìwé ìròyìn náà, ó fi gíláàsì bò ó.

"Ẹ káàsán, bàámi."

"Ọmọ mi, káàbọ̀. Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Bàámi, mi ò lọ́kọ."

Ó gbé ìfági sílẹ̀. "Ó ti kọ̀ ọ́?"

"Kò sí ìgbéyàwó kankan, bàámi. Iṣẹ́ ni. Àwa tí à ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n máa ń yà sínú gbogbo ìtàn, torí kí wọ́n má baà sanwó fún ẹlòmíràn. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi. Ṣé mo lè ṣe irú ẹ̀ kí n má pè yín? Ẹ̀yin?" Mo tú báàgì sílẹ̀. "Ẹ wò ó. Wọ́n ní kí n ṣe opó níbí."

Ó gba ìwé náà, ó gbé e jìnnà sójú. "Opó wo? Bí o ṣe máa ń ṣe nígbà tí o bá fẹ́ kí n ra bàtà fún ọ nìyí."

"Eyín ló ń dùn mí nínú èyí."

"Eyín kọ́. Ẹ̀rín lò ń pa mọ́ra."

"Èyí, ajigbèsè ni mí."

"Inú ló ń bí ọ. Ebi náà wà níbẹ̀ díẹ̀."

Àǹtí mi, tó ti gbé ìjà tẹ̀ lé mi wọlé, pòṣé, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé bàbá mi ti gbà mí gbọ́. Ejìká rẹ̀ ti sọ̀. Ara tù mí débi pé mo sọ̀rọ̀ kọjá ibi tó yẹ kí n dúró sí. Mo nàka sí ògiri, mo ní, "Ẹ ò rí i? Bákan náà ni tiyẹn. Eré ni."

Bàbá mi dìde, ó gbé férémù náà sọ̀ kalẹ̀, ó fi apá aṣọ nu eruku kúrò lára rẹ̀. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó wo èmi, bó ṣe máa ń wò mí bí mo bá ti ilé ìwé dé.

"Rárá," ó ní. "Èyí kì í ṣe eré."

"Bàámi..."

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọ lé mi lọ́wọ́ ni mo ti ń wo ojú yìí. Ta ni ọmọkùnrin náà?"

"A jọ ń kọ́ṣẹ́ ni."

"Ṣé ó mọ̀?"

Mo mi orí pé rárá.

"Ibo ló wà báyìí?"

"Ó ti lọ. Ó fẹ́ gbéyàwó."

Àǹtí mi yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó jáde, mo sì gbọ́ tó ń lé àwọn ará ilé kejì tó ti ń yọjú láti wá wo ìyàwó.

Bàbá mi jókòó ti ẹ̀gbẹ́ mi lórí pákó, férémù wà lórí itan rẹ̀. Ó ní, "Nígbà tí onígbàjámọ̀ ka ìwé yẹn, kì í ṣe ìpè tí o kò pè mí ló dùn mí jù. Mo ní, ẹ wo bí inú ọmọ mi ṣe dùn tó, kò sì bù fún mi níbẹ̀." Ó fi àtàǹpàkò nu gíláàsì níbi tí ojú mi wà. "Àṣé ìwọ náà kò rí jẹ nínú rẹ̀."

Ẹkún tí mi ò sun lọ́jọ́ tí Kóòtù kó ẹrù rẹ̀, mo sun ún níbẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, dúrọ́ọ̀, pẹ́ẹ̀gì, ọmọbìnrin tó níwà. Kò dá mi lẹ́kun, kò sì ní kí n gbàgbé. Nígbà tí mo dákẹ́, ó bi mí ibi tí ìbùsùn wà. Mo ní ó wà ní ọ́fíìsì, pé wọ́n fẹ́ fi ya fọ́tò. Ojú rẹ̀ le. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ìbùsùn yẹn ṣeré. Mo padà lọ, mo gbé e kúrò níwájú Olóòtú, mi ò sì tọrọ àyè. Yàrá mi kéré. Ilẹ̀kùn kò ṣí tán mọ́, ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń wọlé.

Àmọ́ kí n tó kúrò lọ́dọ̀ bàbá mi lọ́jọ́ yẹn, ó bi mí bóyá kí òun yọ fọ́tò náà kúrò nínú férémù. Mo wò ó. Kò síbòmíràn láyé tí ohun tí mo ní sí ọmọkùnrin yẹn wà. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, bàámi." Ó gbé e kọ́ padà.

Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Àwọn oníbàárà tuntun máa ń bi í pé, "Káfíńtà, ṣé ọmọ yín àti ọkọ rẹ̀ rèé?" Á ní, "Ọmọ mi nìyẹn." Á sì bi wọ́n irú pákó tí wọ́n fẹ́.